Táyà Tuntun Méjì Tí Mo Fi Síwájú

Òórùn táyà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀ bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí, pàápàá lásìkò òjò tí ara ilẹ̀ tutù, tí òórùn náà kò rí ibi gbà jáde. Ẹlòmíì á ní ó ń rùn. Lójú tèmi, kò sí tùràrí tó dùn tó o. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tà á, tí mo sì ń fọwọ́ ara mi wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, èmi obìnrin, láàárín àwọn ọkùnrin tó kọ́kọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé n kò rí iṣẹ́ aṣọ rírán kọ́ ni. Nígbà tó yá, àwọn kan náà ló ń júwe ilé mi fún oníbàárà. Ìwọ ṣáà mọ̀ mí, o mọ̀ pé olóríkunkun ni mí. Oríkunkun yẹn ló sọ mí di Ìyá Onítáyà tí gbogbo awakọ̀ mọ̀ láti Ṣakí dé Ìgbòho, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì mí lọ́dún tí àbúrò mi gbé ọkọ̀ eré wálé.

Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ gbé e wá, kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá wa pàápàá. Mo gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà kí n tó rí i. Ó ń kùn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni tínú ń bí tí kò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀. Pupa ni, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ikùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fá ilẹ̀. Wọ́n ti lò ó lókè òkun kó tó rà á ní Èkó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní agbára ẹṣin tó lé ní irinwó ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan sì ni gbogbo agbára náà ń bá lọ. Mo ní, "Irinwó ẹṣin! Ta ló máa máa já koríko fún wọn?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí èmi náà ò tíì dàgbà ló wá di ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ báyìí.

Kì í ṣe fàájì nìkan ló bá wá. Ọmọ Kíṣí ni ìyá wa. Gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ ti lọ tán àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ìyá àgbàlagbà kan tó ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ìgbà tí wọ́n ti gbin iṣu ọdún náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe ara wọn lórí fóònù ni ẹ̀gbọ́n á máa bèèrè pé, "Ìgbà wo lo ń bọ̀?" Ìyá wa á ní, "Inú ọkọ̀ ọmọ mi ni n ó bá dé. Ẹ ṣáà dúró dè mí." Àbúrò mi gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́ nítorí rẹ̀. A ti fi í sí Sátidé pé a ó gbé ìyá lọ sí Kíṣí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà láti wo táyà tó bá a wá, àyà mi sì já. Táyà tí wọ́n fi ń sáré ìdíje ní pápá ni. Ó fẹ̀, ó rọ̀, ojú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dán bí àwo. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bó bá ti gbóná, ó máa ń di ọ̀dà títì mú bí àtè. Àmọ́ àwa ò gbé pápá ìdíje, òjò Òkè-Ògùn ni à ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ilà tó wà lójú táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀nà àgbàrá ni, ibẹ̀ lomi ń gbà sá kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Táyà tí kò bá nílà, orí omi ló máa gùn lọ, kò ní fara kan ilẹ̀ rárá. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, táyà yìí ni àwọn tó mọ ọkọ̀ ń wá kiri o." Mo ní kí wọ́n máa wá a lọ, tiwa ni kí a wá táyà tó mọ òjò. Ó gbà.

Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ríìmù mu. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà táyà tó lè gba eré, torí irinwó ẹṣin kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ akérò. Nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bákan náà lọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó tẹ̀ lé e lọdún. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo máa ń tẹ èékánná mi mọ́ ọn. Bí ó bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, á gba èékánná díẹ̀. Méjì péré ló yege nínú gbogbo ohun tí mo ní. Méjì mìíràn wà tó jẹ́ tòkunbọ̀, ìwọ̀n kan náà, ilà wọn ṣì jìn dáadáa, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ti gorí wọn, èékánná mi kò sì wọlé. Mo mọ̀ pé wọ́n ti le. Mo ní wọ́n á ṣì rọ́jú gbé wa dé Kíṣí, pé n ó wá méjì mìíràn tó bá yá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní táyà tuntun méjì nílẹ̀ wa níbí, iwájú ló ń fi í sí. Bi awakọ̀ èyíkéyìí wò láti Kíṣí títí dé Ìsẹ́yìn, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní bí táyà iwájú bá bẹ́, ọkọ̀ á gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn bí ẹni ń kéwú. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn lọkọ̀ yìí ti ń ti ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí tuntun wà lẹ́yìn." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi kí n ka ohun kan níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì tì í sẹ́yìn. Mo ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kọ̀ǹpútà lo mọ̀. Táyà, fi í sílẹ̀ fún mi." Ó ní, "Ó dáa, mà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ó sì ki fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo wọ tuntun méjì síwájú, mo wọ tòkunbọ̀ méjì sẹ́yìn, mo sì fẹ́ atẹ́gùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n le koko bí a ṣe ń ṣe fún ọkọ̀ tó ń kó iṣu.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá wa ní kí a kọ́kọ́ gbé òun jáde díẹ̀, kí òun fi mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ báyẹn. Ó wọṣọ bí ẹni ń lọ sí ọdún Iléyá. Ó jókòó síwájú, èmi ká ara mi sínú àyè kékeré tó wà lẹ́yìn, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. A dorí kọ ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, títì ń dán, àwọn igi ẹmi ń kán omi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá wa ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ó ń sọ bí òun yóò ṣe ní kí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n òun jókòó síta kó lè rí òun bí òun ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. A yí kọ́nà kan, àbúrò mi sì tẹ iná díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń jáde nínú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́ lágbára. Ńṣe ni mo kàn gbọ́ lábẹ́ ìdí mi pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ti fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ìdí ọkọ̀ fẹ́ ya orí rẹ̀ sílẹ̀. A pòòyì, mo rí igi, mo rí títì, mo tún rí igi, a sì fẹ̀yìn wọ oko àgbàdo ẹni ẹlẹ́ni.

Ọlọ́run yọ wá, kò sẹ́ni tó fara pa. Nígbà tí mo máa fi rá jáde, ìyá wa ti dúró láàárín àgbàdo pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ó wo àwa méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò wọ ọkọ̀ kankan mọ́ láyé mi. Kíṣí tí mi ò lè fẹsẹ̀ rìn dé, kó dúró síbẹ̀." Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́kadà dúró, ó kọ̀. Ọkọ̀ akérò dúró, ó kọ̀. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó fẹsẹ̀ rin títì yẹn padà dé Ṣakí, èmi di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, àbúrò mi dúró ti ọkọ̀ títí àwọn tó wà nítòsí fi bá a tì í jáde nínú oko.

Lẹ́yìn ìrun Alaasari, ilé ti kún. Àbúrò bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ na àbúrò mi. "O fẹ́ pa ìyá rẹ nítorí eré! Ṣé ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wà kò tó ọ wà ni?" Ẹnì kan ní kó tà á. Ẹlòmíì ní fáàrí Èkó ló ti kó sí i lórí. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, "Èmi ni mo tẹ iná. Ẹ má bínú." Kò dárúkọ mi. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà pàápàá. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onítáyà jókòó sórí àpótí, mo panu mọ́ bí ẹni tó fomi sẹ́nu. Ojú tì mí láti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ojú sì ń tì mí láti sọ fún ọ báyìí pé n kò sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń túká ni fóònù ìyá wa dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìyá wa ní, "Ẹ má bínú, ó di ìgbà mìíràn." Gbogbo wa gbọ́ ohùn ìyá arúgbó yẹn láti inú fóònù: "Ìgbà mìíràn wo?" Háà, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára dé eegun.

Bí ilẹ̀ ti mọ́ ni mo gba ilé ọ̀gá mi lọ. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, orí ẹní ló máa ń wà pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un láìfi ọ̀kan pè méjì. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, "Èwo ló yọ̀, ṣé iwájú ni?" Mo ní, "Rárá o, bàbá, ẹ̀yìn ni." Ó ní, "O ti dá ara rẹ lóhùn nìyẹn." Ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Mo kọ́ ẹ ní ohun tí mo mọ̀. Ọkọ̀ tí a fi kọ́ṣẹ́ nígbà náà, bóyá ni agbára rẹ̀ tó ìdámẹ́rin eléyìí, ẹrù sì máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Táyà bíbẹ́ là ń sá fún. A ò rí ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ń bá a jà rí." N kò gbọ́ kí ọ̀gá mi sọ pé òun ò mọ nǹkan kan rí láyé mi. Bó ṣe sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò sì dín iyì rẹ̀ kù lójú mi, ló fún mi lágbára láti dìde.

Mo lọ tààrà sílé. Mo ní kí wọ́n bá mi pe àbúrò bàbá wa, torí pé òun ló kọ́kọ́ bú ọmọ náà. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá wa. Mo ní, "Màmá, èmi ni. Ó ní kí n fi tuntun sẹ́yìn, mo kọ̀. Mo tún fẹ́ atẹ́gùn sí i jù. Ẹ má dá a lẹ́bi mọ́." Àbúrò bàbá wa ní, "Ìwọ kẹ̀? Ìwọ Ìyá Onítáyà?" Mo ní, "Èmi ni, bàbá." Àbúrò mi fẹ́ gbà mí sílẹ̀, ó ní òun náà ì bá ti rọra, mo ní kó jẹ́ kí n ru ẹrù mi. Ìyá wa mí kanlẹ̀. Ó ní, "O ṣeun tó o sọ ọ́. Ìwọ tó o mọ ibi tó ti bàjẹ́, lọ tún un ṣe. Àmọ́ mi ò wọ̀ ọ́." Mo ní, "Ẹ máa wọ̀ ọ́, Màmá. Ìṣáálàhù, ẹ máa rí ẹ̀gbọ́n yín lọ́jọ́ Sátidé."

Ọjọ́ Túsìdeè la wà. Kò sí irú táyà yẹn mọ́ ní gbogbo Ṣakí. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé píkọ́ọ̀pù mi, ó di Ìsẹ́yìn. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá níbẹ̀, ìró òfì àwọn ahunṣọ ń dún lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó gbé méjì jáde, wọ́n ń kọ mànà. Ó ní, "Tuntun ni, mà, ẹ wo bó ṣe ń dán." Mo ní, "Bàtà ni wọ́n ń kùn kó dán. Fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn mí." Abẹ ni wọ́n ti fi fá nọ́ńbà náà kúrò! Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹnì kejì ní tuntun lóòótọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ dáa, ó gba èékánná, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọkọ̀ tí kì í sáré ni. Ó ní, "Ṣé nítorí lẹ́tà kan lẹ máa padà lọ lófìfo?" Mo ní, "Lẹ́tà yẹn ni ìyá mi máa jókòó lé." Ó rẹ̀ mí, ebi ń pa mí, ó sì ń ṣe mí bíi pé kí n gbà á. Ẹni tó bá ti rí i bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fẹsẹ̀ rìn nínú omi òjò kò ní gbà á. Ẹni kejì yìí kan náà ló ṣàánú mi, tó bá mi pe oníṣòwò kan ní Ìbàdàn. Mo ní kí ó ka gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì, kó tún ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ọkọ̀ akérò ló bá mi gbé wọn dé Ṣakí lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, irú kan náà gẹ́ẹ́ pẹ̀lú méjì tó wà níwájú.

Mo yọ tòkunbọ̀ méjèèjì dànù. Mo wọ tuntun sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí àbúrò mi wá jókòó tì mí, kó ka ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà fún mi, iye atẹ́gùn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ní kó gbà. Ó kéré sí èyí tí mo ti fẹ́ sí i. Mo fi géèjì wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n. Ó ní táyà tuntun ṣì máa ń yọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé kí a kọ́kọ́ fi sùúrù wà á kí dídán ojú rẹ̀ lè fá kúrò. Mo ní, "O ṣeun. Kí ni nǹkan mìíràn tó o kà?" Ó wò mí bóyá yẹ̀yẹ́ ni mò ń ṣe. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ó mú fóònù jáde, a jọ kà á lórí àpótí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun.

Lọ́sàn-án Fúráìdeè, lẹ́yìn Jímọ̀, òjò tí mo ti ń dúró dè dé. Mo ní, "Gbé mi lọ síbi tí a ti yọ̀ yẹn." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí." Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà, kó máa wà á lọ. Ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni mo tún jókòó sí, lẹ́yìn, torí pé ìdí mi ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí a dé kọ́nà náà, mo ní kó tẹ iná bó ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́sí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ rọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gba iwájú lọ. A yí padà, a tún ṣe é. Ìgbà kẹta, ó fẹ́ yọ̀ díẹ̀, ó sì tún ilẹ̀ dì mú fúnra rẹ̀. Àbúrò mi pariwo, "Alihamudulilai!" èmi sì ń sunkún lẹ́yìn níbẹ̀, n kò sì fi pamọ́ fún un.

Nígbà tí a sọ fún ìyá wa, ó bi mí pé, "Níbo lo jókòó sí?" Mo ní, "Ẹ̀yìn, Màmá." Ó ní, "Ọ̀la náà, ẹ̀yìn lo máa jókòó sí. Bó bá máa yọ̀, kó yọ tàwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Láàárọ̀ Sátidé, ó wọlé sínú ọkọ̀ náà, ó di ilẹ̀kùn mú gírígírí, ó sì ń ka àdúà láti Ṣakí títí a fi kọjá Ìgbòho. Àbúrò mi ń wà á jẹ́jẹ́, kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yà wá sílẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí a dé Kíṣí, ìyá wa tú ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé bí gbogbo ẹṣin rẹ ṣe ń rìn nìyí?" Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti gbé ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, jókòó síta lórí àga. Ó ti rù kọjá bí mo ṣe rò. Ìyá wa kò ráyè ṣe gbogbo fáàrí tó ti ń pète. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀, ó sì wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "O pẹ́ o, àbúrò mi." Wọ́n jókòó ti ara wọn látàárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń dárúkọ àwọn èèyàn tí àwa ò mọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń nu ojú ara wọn. Kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan nípa ọkọ̀.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú táyà tuntun méjì, mo máa ń ní kí tuntun lọ sẹ́yìn. Wọ́n máa ń bá mi jà, àwọn mìíràn á ní orí mi ti dà rú. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ṣì í. Ọ̀rọ̀ yẹn ti rọrùn lẹ́nu mi báyìí. Kò rọrùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìyá àgbà kò rí iṣu tuntun ọdún yẹn jẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n túfọ̀ rẹ̀, àbúrò mi ti padà sí Èkó, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá wa. Ó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wá fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo rí i. Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n rí i." Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo wo ojú rẹ̀ padà. Ká ní mo ti panu mọ́ lọ bẹ́ẹ̀ lórí àpótí yẹn ni, n kì bá lè wò ó.